Ohun Tí Alákàbà Gbọ́ Lórí Wáyà

Orí àkàbà ni ọkùnrin náà wà nígbà tó kọ́kọ́ rí i. Ó ń tọ wáyà tẹlifóònù lẹ́sẹ̀ lára ògiri, láti orí òpó títí dé abẹ́ fèrèsé òkè, nígbà tó gbójú sókè tó sì rí obìnrin kan nínú yàrá, tó gbórí lé tábìlì bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ní kó dúró lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Báírò pupa kan wà nínú irun rẹ̀. Ìdajì ojú ìwé kan ló hàn lórí kọ̀ǹpútà níwájú rẹ̀. Ìdajì tó kù kọ̀, kò dé.

Obìnrin náà gbórí sókè, ó rí orí èèyàn lójú fèrèsé, ó sì lọgun.

"Ta nìyẹn? Ṣé olè ni yín ni, àbí áńgẹ́lì?"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Olè kì í wá lọ́sàn-án gangan. Áńgẹ́lì náà ò sì nílò àkàbà."

"Ẹ ò lọ sí ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé nìyẹn. Àwọn áńgẹ́lì máa ń gun àkàbà dáadáa."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ já ọkùnrin náà bọ́ látorí àkàbà. "Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ló rán mi wá. Wọ́n ní wáyà kan ò tó yín nínú ilé yìí mọ́."

"Kò tó wa rárá. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ gba ẹnu ọ̀nà wọlé bí ọmọlúàbí."

Alákàbà ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà níbi iṣẹ́, nítorí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun gbé àkàbà òun. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gun òpó, kò ṣi ẹsẹ̀ gbé rí. Lọ́jọ́ náà, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó fo igi àkàbà tó kẹ́yìn, ó sì fi ìdí jókòó sórí koríko. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò sẹ́ni tó rí òun. Ṣùgbọ́n obìnrin náà rí i láti ojú fèrèsé, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Iṣẹ́ obìnrin náà ni láti ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ilé ìtẹ̀wé kan tó ń tẹ ìwé ọmọ ilé-ìwé àti ìwé orin ìjọ ló ń bá ṣiṣẹ́. Wọn yóò fi ojú ìwé ránṣẹ́ sí i lórí kọ̀ǹpútà, yóò sì fi àmì pupa sí gbogbo àṣìṣe inú rẹ̀. Báírò Pupa ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló wà nínú ilé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa. Bàbá Tíṣà ni gbogbo èèyàn mọ bàbá náà sí. Ó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ó sì ti tẹ dùùrù nílé ìsìn fún ogójì ọdún. Nísinsìnyí tí ẹsẹ̀ kò gbé e jìnnà mọ́, orí tẹlifóònù ló ti ń ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀: láti àárọ̀ ni yóò ti máa gbàdúrà pẹ̀lú opó, pẹ̀lú aláìsàn, pẹ̀lú àwọn tó kọ́ níwèé tí àwọn náà ti di bàbá ọmọ.

Wáyà kan ṣoṣo ló wọ ilé náà. Bí Bàbá bá ń gbàdúrà, ìwé ọmọ rẹ̀ kò ní wọlé. Bí ìwé bá ń wọlé, àwọn tó ń pe Bàbá kò ní rí i bá sọ̀rọ̀. Wọ́n ń fara dà á bẹ́ẹ̀, títí ilé ìtẹ̀wé fi kó lọ sí ìlú mìíràn, ìrìn ọjọ́ méjì. Lẹ́tà kan dé lẹ́yìn náà: láàárín oṣù méjì, kí Báírò Pupa wá ọ̀nà tí ìwé yóò fi máa wọlé sí i lákòókò kan náà tí olóòtú bá ń bá a sọ̀rọ̀. Bí kò bá rí i, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn, wọn yóò sì fi í ṣe olórí gbogbo àwọn tó ń yẹ ìwé wò. Ipò ńlá ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wà pẹ̀lú Bàbá?

Nínú pálọ̀, Bàbá Tíṣà wo Alákàbà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Wáyà tín-ín-rín yìí náà ni kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù méjì fẹ́ gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan náà? Ọmọ mi, má fi mí ṣẹ̀sín."

"Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ tẹ dùùrù... Nígbà tí ìjọ bá ń kọrin, ṣé ohùn ìsàlẹ̀ máa ń dí ohùn òkè lọ́wọ́?"

"Rárá o. Afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń gbà, kálukú sì mọ ipò rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà yìí rí. Ohùn yín á máa gba ìsàlẹ̀, bó ṣe ń gbà tẹ́lẹ̀. Ìwé àǹtí á máa gba òkè, níbi tí etí èèyàn ò dé. Ohùn àǹtí náà á gun ẹ̀yìn ìwé yẹn lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀." Ó mú àpótí funfun kékeré kan jáde, tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. "Asẹ́ la máa ń pe èyí. Ìdí tẹlifóònù yín ló máa wà. Òun ló ń sẹ́ ohùn kúrò lára ìwé. Bí ẹ bá yọ ọ́, ariwo ṣíì-ṣíì lẹ máa máa gbọ́, gbogbo ìgbà tí tẹlifóònù yín bá sì dún ni iṣẹ́ àǹtí máa já."

Bàbá gba asẹ́ náà, ó gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́. "Nǹkan kékeré yìí," ni ó wí.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá ń gbàdúrà pẹ̀lú opó kan nísàlẹ̀, ohùn olóòtú ń dún létí ọmọ rẹ̀ lókè, ojú ìwé sì ń tẹ̀ lé ojú ìwé wọlé, lórí wáyà kan tí kò sanra ju okùn bàtà lọ. Báírò Pupa sáré sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà.

"Ó ṣiṣẹ́! Alákàbà, ó ṣiṣẹ́!"

Ara àkàbà ọkùnrin náà ló ti ka orúkọ náà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀, kò dùn mọ́ ọn tó báyìí rí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ìwé á máa wọlé wẹ́rẹ́, tẹlifóònù Bàbá á dún, gbogbo rẹ̀ á já. Báírò Pupa á pe ilé-iṣẹ́, Alákàbà á dé. Ó pààrọ̀ wáyà ara ògiri. Ó pààrọ̀ wáyà orí òpó. Ó yẹ ìdí tẹlifóònù Bàbá wò, asẹ́ wà níbẹ̀. Kò rí àléébù kankan. Bó bá dán an wò, á ṣiṣẹ́. Bó bá ti lọ, ní ọjọ́ kejì, á tún já.

Ìgbà mẹ́rin ló wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ìgbà kejì, ó mu tíì. Ní ìgbà kẹta, obìnrin náà gba ìwé iṣẹ́ tó kọ, ó fi báírò pupa tún un ṣe, ó sì dá a padà fún un.

"Àṣìṣe mẹ́sàn-án! Lórí ìlà mẹ́fà!" ni Alákàbà kígbe.

"Mo ṣàánú yín ni. Mọ́kànlá ni."

Ní ìgbà kẹrin, Alákàbà pẹ́ nídìí wáyà tó ń ká ju bó ṣe yẹ lọ.

"Wáyà ilé yín yìí, àǹtí, nǹkan kan ń ṣe é."

"Àbí oníwáyà ni nǹkan ń ṣe?"

Ó wolẹ̀. "Kí n sọ òtítọ́? Mo máa ń gbàdúrà kí wáyà gbogbo àdúgbò yìí dára, kí Ọlọ́run kàn fi tiyín sílẹ̀ díẹ̀."

"Háà! Ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn o." Ẹ̀rín wà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà lọ. "Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fi odindi ìwé kan ránṣẹ́, tí olóòtú á máa bá mi kà á lórí tẹlifóònù. Bó bá já, mo ń lọ nìyẹn. Alákàbà, mi ò fẹ́ lọ. Bá mi wá ohun tó ń ṣe wáyà yìí. Jọ̀ọ́."

"Jọ̀ọ́" ló wí, kì í ṣe "ẹ jọ̀ọ́". Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe.

"Màá wá a," ni Alákàbà dáhùn, "kódà bó bá wà nínú ilẹ̀. Má sunkún."

"Ta ló ń sunkún? Bó o ṣe ń kọ̀wé ló ń ta mí lójú."

Ní ìkángun òpópónà náà, àpótí irin ńlá kan wà tí wáyà gbogbo ilé àdúgbò já sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Alákàbà ṣí i, ó wá wáyà ilé Bàbá Tíṣà, ó sì so tẹlifóònù ìdánwò rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ bí wáyà ṣe ń ṣiṣẹ́, mọ́ ọn. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti fi òfin kan lé e lọ́wọ́: bí o bá gbọ́ ohùn èèyàn lórí wáyà, yọ ọwọ́ kíá, ohun tí o bá sì ti gbọ́ kí o tó yọ ọ́, inú rẹ ni kó kú sí. Ó gbọ́ ariwo ṣíì-ṣíì. Lábẹ́ ariwo náà, ó gbọ́ Bàbá tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan sọ̀rọ̀.

"...dókítà ní ó ti rẹ ọkàn mi, àfi kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Bí ọmọ yìí bá gbọ́, kò ní lọ mọ́, yóò jókòó tì mí títí yóò fi darúgbó. Mo ti ń yọ nǹkan kékeré yẹn o, kó lè rò pé wáyà ló kọ̀..."

Ó já tẹlifóònù ìdánwò náà kúrò bí ẹni tí iná jó. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́.

Ó ti ilẹ̀kùn irin náà, ó fẹ̀yìn tì í, gbogbo rẹ̀ sì yé e. Arúgbó náà ló ń yọ asẹ́, tó sì ń dá a padà kí òun tó dé. Ó ń gbàdúrà nínú ariwo, bí ẹni ń gbàdúrà lábẹ́ òjò, kí ọmọ rẹ̀ lè lọ gba ipò ńlá. Alákàbà sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu òun ti tó. Bí òun bá sọ fún Báírò Pupa pé ara Bàbá ò yá, kò ní lọ mọ́ láé. Yóò wà ní òpópónà yìí. Yóò wà nítòsí òun. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin, ó sì gbé e mì.

Ó lọ bá Bàbá ní pálọ̀.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tèmi lórí wáyà."

Ọwọ́ Bàbá lọ sí àpò ẹ̀wù rẹ̀, níbi tí asẹ́ wà. "Báwo ni ohun tí o gbọ́ ṣe pọ̀ tó?"

"Mo gbọ́ èyí tó tó."

"Ṣé o máa sọ fún un?"

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi, mi ò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá bi mí, mi ò ní purọ́ fún un. Ẹ sọ fún un fúnra yín, Bàbá. Kì í ṣe ọmọdé."

"Ìyá rẹ̀ ṣàìsàn fún ọdún mẹ́fà. Òun ló tọ́jú rẹ̀, ó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe é. Mi ò ní tún gba èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀." Arúgbó náà tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá."

"Síbẹ̀ o ò ní sọ."

"Mi ò ní sọ. Asẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin àti Ọlọ́run lẹ máa pinnu rẹ̀." Ó kọ nọ́ńbà sórí ìwé kékeré kan, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù. "Bí àyà bá dùn yín tí ẹ ò sì fẹ́ kó gbọ́, ẹ pè mí. Ìgbàkígbà, Bàbá."

Lẹ́nu ọ̀nà ni Báírò Pupa ti pàdé rẹ̀. "O rí ohun tó ń ṣe é?"

"Mo rí i. Kò sí lọ́wọ́ mi láti tún un ṣe." Kò lè wo ojú rẹ̀. Ó gbé àkàbà rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, olóòtú pè, ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Báírò Pupa ti ilẹ̀kùn, ó gbé tẹlifóònù sétí, ó ń retí ìgbà tí gbogbo rẹ̀ máa já. Nísàlẹ̀, Bàbá jókòó pẹ̀lú asẹ́ ní àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé e sílẹ̀, ó tún mú un. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ jọ sọ ní wákàtí náà. Nígbà tó ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí tẹlifóònù, ó sì fi asẹ́ náà sí ipò rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ nàró ni ìrora gbá àyà rẹ̀ mú.

Ohùn rẹ̀ kò lè dé òkè. Ó na ọwọ́ sí tẹlifóònù. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ìwé ọmọ rẹ̀ ni ì bá gba gbogbo wáyà náà, Bàbá kì bá sì rí ẹnikẹ́ni pè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ìwé ń gba òkè, ohùn arúgbó náà sì rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà nísàlẹ̀.

"Alákàbà... àyà mi... Má sọ fún un. Ó ku ewé díẹ̀ kó parí."

Alákàbà pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, ó sì sáré. Nígbà tó dé, òkè ló kọ́kọ́ gùn, ó gbá ilẹ̀kùn.

"Bàbá ní kí n má sọ fún ọ. Mi ò lè gbọ́ tiwọn lórí èyí. Sọ̀ kalẹ̀ wá!"

Ní ilé ìwòsàn, dókítà sọ pé wọ́n bá a lásìkò, pé wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ tí Bàbá ti ń sún síwájú láti oṣù márùn-ún. Báírò Pupa yíjú sí Alákàbà.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ Ajé. Mo gbọ́ ọ lórí wáyà."

"Ọjọ́ márùn-ún gbáko! Bí wọ́n bá ti kú ńkọ́? Kí lo máa wá sọ fún mi, pé kò sí lọ́wọ́ rẹ?"

Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì ṣàwáwí. "O lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú."

"Máa lọ sílé, jọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ rí ọ."

Ọlọ́run ṣàánú, iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Lẹ́tà ilé ìtẹ̀wé dé pé odindi ìwé náà wọlé láìjá lọ́jọ́ Ẹtì, pé kí Báírò Pupa máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ láti ilé. Ohun tó ti ń bẹ Ọlọ́run fún ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò sì rí ayọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Bí Alákàbà bá pè, tí obìnrin náà sì gbọ́ ohùn rẹ̀, á rọra gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá ní kí ọmọ rẹ̀ wá jókòó ti òun.

"Èmi ni mo ń já iṣẹ́ rẹ."

"Bàbá?"

"Asẹ́ yẹn. Èmi ni mo ń yọ ọ́. Mo fẹ́ kó o lọ, kó o má fi ayé rẹ ṣọ́ arúgbó."

Ó ya ẹnu sílẹ̀. "Ìgbà mẹ́rin ni ọkùnrin yẹn gun òpó! Nínú oòrùn! Bàbá, ẹ̀yin?" Ẹ̀rín àti ẹkún bá a lẹ́ẹ̀kan náà.

"Èmi ni. Èmi ni kó o bínú sí. Àmọ́ gbọ́ èyí. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn rẹ, ó sọ ọ́ lójú mi. Bó bá sọ àìsàn mi fún ọ lọ́jọ́ náà, o ò ní lọ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ì bá tẹ ohun tó ń wá. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó pa ẹnu mọ́, ó sì fi ara rẹ̀ ṣòfò. Nígbà tó di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, kò gbọ́ ti èmi náà mọ́, ó wá pè ọ́. Mo kọ́ ọmọ ní ìwé títí irun mi fi funfun. Àwọn tó mọ ìgbà tí a ń dákẹ́ àti ìgbà tí a ń sọ̀rọ̀, wọn ò pọ̀, ìyá mi."

Obìnrin náà jókòó pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì jáde.

Ilé ńlá tí wáyà gbogbo ìlú ti ń pàdé ló lọ. Ó bá Alákàbà nínú gbọ̀ngán kan, níwájú ògiri wáyà tó ga kan àjà, tó ń so ọ̀kan mọ́ èkejì. Ọkùnrin náà rí i, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ara Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ti ń bú mi pé tíì mi ò dùn. Ara wọn ti le." Ó sún mọ́ ọn. "Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ìbéèrè kan ni mo wá bi ọ́. Bí o bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lórí ọ̀kan nínú àwọn wáyà yìí, tí mo sì ní kí o sọ ọ́ fún mi, ṣé wàá sọ ọ́?"

Ó mọ̀ pé ìdáhùn òun lè lé e lọ pátápátá. "Mi ò ní sọ ọ́."

"Kódà bí mo bá jẹ́ ìyàwó rẹ?"

Irinṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Kódà bí o bá jẹ́ ìyàwó mi." Ó wo ojú rẹ̀. "Ṣé... ṣé o máa jẹ́ ẹ?"

"Bí o bá ní wàá sọ ọ́ ni, ǹ bá ti pẹ̀yìn dà. Mo máa jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ ti ẹlòmíràn, pa á mọ́. Èyí tó bá jẹ́ tèmi àti tìrẹ, ìlera rẹ, ìbẹ̀rù rẹ, ohunkóhun tó bá ń dùn ọ́, èmi ni kí o kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà mọ́ láyé mi."

"Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Ọlọ́run."

"Ó dáa. Bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kí ló ń dùn ọ́?"

Ó ronú tọkàntọkàn, bí ọmọ tí wọ́n bi ní ẹ̀kọ́. "Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò ti sùn dáadáa. Ẹ̀rù sì ń bà mí, bí mo ṣe máa sọ fún Bàbá pé mo fẹ́ fẹ́ ọ."

"Ìyẹn nìkan, olólùfẹ́ mi?" Báírò Pupa di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á lọ sí ẹnu ọ̀nà. "Láti àná, kí n tó mọ ohunkóhun, ni Bàbá ti kó aṣọ ìgbéyàwó tiwọn jáde, wọ́n ní kí n bá àwọn lọ̀ ọ́."